Kò Sí Aláàbọ̀ Ara Nílé Yìí

Ní ọdún tí wọ́n ní kí a wá ka iye aláàbọ̀ ara tó wà ní Nàìjíríà, èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ilé-ìwé wà ní ọlidé gígùn nígbà náà. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìgándò, ilé-ìwé tó gbà pé ẹni tí kò bá kọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ jẹun. Torí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé iṣẹ́ wà, mo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ èyí ná. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì mi láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ọ̀pá kan ló máa ń wà lábẹ́ abíyá mi. Mo ń rìn, mo ń gun ọ̀kadà, mo ń kọ́ ogójì ọmọ nínú kíláàsì kan, mo sì ti lé ọmọ tó jí bírò mi bá títí dé ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wò mí bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀pá ni yóò kọ́kọ́ rí. Èmi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní àjà kẹta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Wọ́n na bánà gàgàrà síwájú ilé náà, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé a kò ní fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Àtẹ̀gùn méjìdínláàádọ́ta ló wà láti ìdí bánà dé ibi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń gùn wọ́n. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ọkùnrin kan tí wọ́n gbà síṣẹ́ bíi tiwa wá lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ó wo bánà, ó wo àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lókè tí kò dáhùn, ọ̀gá wa fi bírò fa ilà gba àárín orúkọ náà kọjá.

"Ìṣòro àwọn èèyàn yìí nìyẹn," ni ó wí. "Wọn kì í fẹ́ ṣiṣẹ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọ̀gá yìí, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó fi yé wa pé ìbéèrè mẹ́fà ni a ó máa bi ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Ṣé ìṣòro wà fún un láti ríran, bó tilẹ̀ wọ gíláàsì? Láti gbọ́ran ńkọ́? Láti rìn tàbí gun àtẹ̀gùn? Láti rántí nǹkan? Láti wẹ̀ kó sì wọṣọ fúnra rẹ̀? Láti sọ̀rọ̀ kó yé ẹlòmíràn? Ìdáhùn lè jẹ́ rárá, ó lè jẹ́ díẹ̀, ó lè jẹ́ ó pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò ṣeé ṣe fún un rárá. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, tí ebi ti ń pa gbogbo wa, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

"Ẹ má jẹ́ kó le jù ṣá. Tẹ́ ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ bi wọ́n bóyá aláàbọ̀ ara wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kò sí, ẹ tẹ òdo, kẹ́ ẹ máa lọ. Ilé pọ̀ nílẹ̀ jàre."

Wọ́n fún wa ní fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tábù, wọ́n sì pín wa ní méjì-méjì. Ẹni tí wọ́n fi tì mí ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó ga, ó mọ́ tónítóní, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ a máa dúró gbagidi bí páálí. Àdúgbò rẹ̀ gan-an ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n fún wa kà. A fẹnu kò pé èmi ni n ó máa béèrè, òun ni yóò máa tẹ ìdáhùn sínú tábù.

"Bàbá, ṣé ká bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún?" ni mo bi í láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó dá mi lóhùn, "mo ti jẹun kí n tó jáde."

Mo rò pé àwàdà ni.

Ilé àkọ́kọ́ tí a kàn, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ọjà wẹ́wẹ́ níwájú ilé ló ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀pá mi.

"Ẹ máa bínú o, kò sí lónìí. Ọlọ́run á pèsè." Ó ti ilẹ̀kùn.

Bàbá wá bọ́ síwájú pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn, ó na káàdì ọrùn rẹ̀ sókè. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, mo rò pé..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà, èmi náà kò bá a parí rẹ̀. Mo bi í bí wọ́n ṣe ní kí a bi wọ́n.

"Ṣé aláàbọ̀ ara kankan wà nílé yìí?"

"Nílé yìí kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó gbọn ọwọ́ méjèèjì dànù bí ẹni tí eṣinṣin bà lé. Ó tún rí ẹsẹ̀ mi, ojú tì í. "Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí."

Bàbá tẹ òdo.

Ilé kejì, Alhájì kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé apá òsì rẹ̀ sórí itan bí ẹni gbé àlejò jókòó. "Alhamdulilahi, kò sí," ni Alhájì wí. Òdo. Ilé kẹta, wọ́n ní àwọn kì í ṣe irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Òdo. Nílé kẹrin, wọ́n béèrè bóyá ẹnì kan ló wá fẹ̀sùn kan àwọn. Òdo. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti ka àdúgbò náà tán pátá, a kò rí afọ́jú kan, a kò rí adití kan, a kò rí ẹni tí orúnkún ń dùn. Ẹni tó bá wo tábù wa á rò pé àwọn áńgẹ́lì ló háyà gbogbo ilé tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa pè wá lórí fóònù, ó ní àwa la yára jù, kí àwọn yòókù wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sí Ìgándò. Nígbà tí mo dé ẹnu géètì wa, mo rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára rẹ̀. Àwọn tó ń ka àdúgbò tiwa ti wá. Ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà, wọ́n kọ òdo roboto kan.

Mo dúró níwájú òdo yìí fún ìgbà díẹ̀. Mo wá lọ bá lánlọ́ọ̀dù wa, bàbá arúgbó kan tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ta ló dá àwọn tó wá kà wá lónìí lóhùn?"

"Èmi ni, Tíṣà. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọ́n bi mí bóyá aláàbọ̀ ara wà nínú ilé, mo ní kò sí."

"Kò sí kẹ̀? Èmi ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin? Tíṣà ni yín! Ẹ kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ̀yin lẹ máa ń bá wa kọ lẹ́tà ẹgbẹ́ onílé. Báwo ni màá ṣe dúró níta gbangba kí n máa pe irú yín ní arọ fún àwọn ọmọ tí mi ò mọ̀ rí? Mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín láyé."

Òótọ́ ọkàn ló fi sọ ọ́. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí nìyẹn. Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín ni, mo mọ bí mo ṣe ń dá ẹlẹ́yà lóhùn. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un jà? Lánlọ́ọ̀dù ti fi ọ̀wọ̀ pa mí rẹ́ kúrò nínú ìwé ìjọba àpapọ̀. Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wá rí i pé ohun tí lánlọ́ọ̀dù ṣe fún mi ni èmi náà ṣe fún àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún ẹnìkejì mi pé a ó padà sí gbogbo ilé tí a kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ kó tó yé e. Ó béèrè ìdí rẹ̀, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún un, mo gbé ohùn sókè kó lè wọlé dáadáa.

"Wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀?" ni Bàbá wí. "Ìwọ tó ń ka àwọn èèyàn?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ó ti burú jù. Jẹ́ ká lọ."

A tún kan ilẹ̀kùn oníṣọ́ọ̀bù. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò dárúkọ aláàbọ̀ ara rárá. Mo bi í pé èèyàn mélòó ló ń sùn nínú ilé, mo wá ń bi í léèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A kan ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ṣé wọ́n ń ríran dáadáa?"

"Háà, wọn ò ríran o. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin."

"Díẹ̀ ni àbí rárá?"

"Rárá ni. Tọ́ọ̀ṣì gan-an, wọn ò rí i."

"Ẹ ní kò sí lánàá."

"Aláàbọ̀ ara lẹ béèrè lánàá!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí mi. "Màmá kì í ṣe afọ́jú o. Ọjọ́ ogbó ni. Wọn ò kàn ríran ni."

"Kí ló wí?" Bàbá bi mí.

"Ó ní wọn ò ríran."

"Wọn ò tíì ti Ìbàdàn dé?"

Mo gba tábù lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyẹn láti ilé dé ilé. Alhájì orí bẹ́ǹṣì ṣàlàyé fún wa pé apá òsì òun kò ní nǹkan kan, ó kàn ń sinmi ni. Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti ń sinmi. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ọdún kẹfà rèé." Nílé tó tẹ̀ lé e, ìyàwó ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń fi òòlù na ara mọ́tò tó bá tẹ̀ wọnú, ní kí a pariwo tí a bá fẹ́ bá ọkọ òun sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe adití o," ó kìlọ̀ fún wa. "Òòlù ló dí i létí." Àwọn tí wọn ò lè gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́, wọ́n ní òtútù ló wọ orúnkún wọn. Arúgbó kan tó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní ó ti máa ń ronú jù láti kékeré. Gbogbo ilé ló ní ẹni tí nǹkan ń ṣe, kò sì sí ilé tó ní aláàbọ̀ ara.

Ní òpin àdúgbò, obìnrin kan dá wa dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó dá mi lóhùn dáadáa nípa ara rẹ̀ àti nípa ọkọ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó tán. Ó wo ọ̀pá mi, ó wo ojú mi.

"Ó ku ẹnì kan," ó ní. "Ẹ wọlé."

Ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó jókòó sórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò bojú wò wá. Ìyá rẹ̀ ní kò sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti bí i, pé yàrá yìí ló máa ń wà tí àlejò bá dé, torí pé àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n máa rí i. Mo béèrè ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyá sì dáhùn wọn. Mo ti fẹ́ dìde kí n tó bi í ní ìkeje, èyí tí kò sí nínú tábù.

"Kí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù?"

Ẹnu ya obìnrin náà. "Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí." Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, ó bu ẹ̀wà tó ti ṣà sọ́wọ́, ó nà án sí mi. "Ẹ wò ó. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ò lè rí òkúta kan níbẹ̀. Èmi gan-an ò lè ṣà á báyìí. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, àǹtí. Ẹ kọ ọ́ kó hàn."

Mo kọ ọ́. Bàbá ti yí ojú sí ògiri, ó ń tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ kò wọ́.

Ilé Bàbá fúnra rẹ̀ la kà gbẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi tútù fún mi, a jókòó, mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ọkọ rẹ̀, mo béèrè bóyá ó ní ìṣòro láti gbọ́ran. N kò pariwo.

"Ẹ kọ ọ́ pé ó pọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwa méjèèjì. "Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì mọra yín," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ wò mí. Èmi náà wò ó. Bàbá rí bí a ṣe ń wo ara wa, ẹ̀rín rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán. "Kí lẹ sọ? Tíṣà, ohùn tìẹ ti lọ sílẹ̀ jù. Òṣìṣẹ́ ni mí, wọn kì í ka òṣìṣẹ́."

Mo na tábù sí i. Ó ka ìbéèrè tó wà lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó na ìka, ó tẹ "díẹ̀".

"Díẹ̀ kẹ̀?" ìyàwó rẹ̀ pariwo, gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá gbọ́ ọ.

Èyí wọ Bàbá létí. Ó pa èyí tó tẹ̀ rẹ́, ó tẹ "ó pọ̀". Ó dìde, ó ní ó ti tó. Nígbà tó ń sìn mí lọ sí ẹ̀bá títì, ó sọ fún mi pé òun kò lọ sí ìpàdé onílé mọ́ láti ọdún mélòó kan, torí pé tí òun bá ti dá sí ọ̀rọ̀, wọn a máa rẹ́rìn-ín, òun kì í sì í mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní òun rò pé wọ́n kórìíra òun ni.

Ọ̀gá wa kò gbóríyìn fún wa mọ́. Ó ní iye tí a mú wá ti pọ̀ jù, pé kò sí ẹlẹgbẹ́ wa tó mú ìdajì rẹ̀ wá. "Ẹ ti sọ gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá di arọ! Kí ni wọn yóò sọ ní Àbújá?" Ó ní òun máa tẹ̀ lé wa lọ wo ilé kan fúnra òun, kí òun lè já irọ́ wa. Ilé oníṣọ́ọ̀bù ló mú. Wọ́n sìn ín dé ọ̀dọ̀ Màmá. Màmá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kó súnmọ́ òun, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ tọ́ ọ lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó gbé e sórí itan, gíláàsì sì yọ̀ bọ́ sórí ẹní tí Màmá jókòó lé.

"Ọmọ ta nìyí? O ti rù, o kì í jẹun."

Láìsí gíláàsì, ọ̀gá náà kò rí ibi tí gíláàsì wà. Ó ń táràrà káàkiri orí ẹní, àwọn méjèèjì sì jọ ń wá a. Bàbá ló bá wọn mú un. A jáde, ọ̀gá sì ní kí a fi iye wa sílẹ̀ bó ṣe wà.

Mo rò pé àsìkò tó nìyẹn láti mú ẹjọ́ tèmi wá. Mo sọ fún un pé wọ́n kọ òdo sí ilé mi. Ó ní ó mà ṣe o, ṣùgbọ́n tábù ti ti ilé náà pa, ilé tó bá ti jẹ́ òdo kò ṣeé ṣí mọ́ láìjẹ́ pé onílé wá jẹ́rìí pé òun ṣàṣìṣe. Mo padà sọ fún lánlọ́ọ̀dù. Bó ṣe gbọ́ pé ọ̀wọ̀ tó fún mi ló fi mí sí ìta, kò sùn dáadáa. Ó fi fìlà dé orí láàárọ̀, ó tẹ̀ lé mi lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì kékeré kan nítòsí Ìkòtún, níbi tí èrò ti tò lórí ìlà nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀gá bi í lóhùn pẹ̀lẹ́ pé kí ni ẹ̀rí rẹ̀.

Lánlọ́ọ̀dù nà ró láàárín èrò. "Arọ ni Tíṣà mi!" ó ké. "Arọ pọ́ńbélé! Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀! Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kì í ṣe arọ, èmi àti ẹ̀ la jọ máa ṣe é! Mi ò ní gbà kí wọ́n rẹ́ Tíṣà mi jẹ!"

Gbogbo ìlà yíjú sí ẹsẹ̀ mi. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ "páà" fún un. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, inú mi sì dùn, àwọn méjèèjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. N kò rí ẹni tó jà fún mi báyìí rí, n kò sì gbàdúrà kí ẹlòmíràn tún jà fún mi bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ṣí ilé wa. Nígbà tí wọ́n bi gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ, àwa mẹ́rin ni ìṣòro wà fún. Lánlọ́ọ̀dù wà nínú wọn nítorí ojú rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé ìyẹn náà wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo gbọ́ lórí rédíò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa èsì ìkànìyàn náà. Ìkan lára àwọn tó pè wọlé ní irọ́ ni, pé òun ti ń gbé Òkè-Odò láti ogún ọdún, kò sí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò òun. Olóòtú béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló mú ohùn rẹ̀ jìnnà. Ó ní ọmọ òun ló ń bá òun di fóònù mú, torí ọwọ́ òun tó ń gbọ̀n.

Bàbá pè mí lọ́sẹ̀ kan náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún un. Ó ní gbogbo ayé ń pariwo, pé jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kò ní jẹ́ kí òun pẹ́ láyé, pé omi inú páìpù gan-an ń sọ̀rọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tíṣà, ṣé o mọ̀ pé ìyàwó mi máa ń kọrin tó bá ń dáná?"

"Ṣé orin náà dùn, Bàbá?"

"Rárá," ó ní. "Ohùn ẹ̀ ò dáa rárá. Ṣùgbọ́n mi ò tíì yọ nǹkan yìí létí kó tó kọ ọ́ tán."